Ìdí Tí Ewúrẹ́ Fi Ń Wọlé Láìké Àgò

Nígbà láéláé, nígbà tí èdè ewúrẹ́ ṣì já gaara ju tèmi tí mo ka ìwé mẹ́fà yìí lọ, kò sí ọ̀rọ̀ kankan láyé tí à ń pè ní àgò.

Ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé ẹlòmíràn, ṣe ni yóò kàn wọlé. Kò sí ilẹ̀kùn. Kò sí pé à ń dúró. Ẹsẹ̀ ní ń ṣíwájú, ẹnu ní ń tẹ̀ lé e.

Ìwà yìí kó àwọn ará ìlú Ìdí-Ẹlú sí wàhálà gidi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ọmọdé já wọ yàrá Baálẹ̀, wọ́n bá a láìdé fìlà. Orí Baálẹ̀ ti pá! Odindi ogún ọdún ló ti ń fi fìlà bo orí náà mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ìlú ti gbọ́. Ìyàwó ilé kan sì wà tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò nídìí ààrò. Ìtọ́wò náà ti di ẹran mẹ́ta kí ìyá ọkọ rẹ̀ tó yọ sí i lójijì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí orí Baálẹ̀ ni àgò ṣe dáyé. Kì í sì í ṣe nítorí ẹran. Nítorí aṣọ ni.

Obìnrin kan wà ní Ìdí-Ẹlú tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Aláró ni. Yóò se ẹ̀kọ láfún títí yóò fi ki. Yóò ti ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ náà, yóò sì fi ya ẹyẹ àti ewé sára aṣọ funfun. Bí ẹ̀kọ bá gbẹ tán, yóò ri aṣọ náà sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mú un. Bó bá wá ha ẹ̀kọ kúrò, ẹyẹ àti ewé yóò yọ funfun lára aṣọ dúdú. Kì í sú ojú láti wò ó.

Àwẹ̀ró kì í ya aṣọ níta, kí atẹ́gùn má baà da erùpẹ̀ sí i. Ilẹ̀ yàrá ló máa ń tẹ́ ẹ sí, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ààrò.

Lọ́jọ́ kan, Lágbàyí aládùúgbò rẹ̀ ti oko dé, ó fẹ́ wá bu iná lọ sí ààrò tirẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kún fún ẹrẹ̀. Ó wọlé, ó rin orí aṣọ kọjá, ó bu iná, ó tún rin orí aṣọ padà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá," ni Lágbàyí wí.

Àwẹ̀ró wo aṣọ. Ó wo ẹrẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Lágbàyí, ṣé o ò rí nǹkan nílẹ̀ ni?"

"Mo rí i, Ìyá. Àmọ́ nígbà tí mo máa rí i, mo ti wà lórí ẹ̀."

Òótọ́ ni Lágbàyí sọ, òótọ́ náà ló sì mú kí Àwẹ̀ró ronú. Ẹni tó wà níta kò lè rí ohun tó wà nílẹ̀. Ẹni tó wà nínú ilé kò lè rí ẹni tó ń bọ̀. Nínú gbogbo ohun tí ènìyàn ní, ohùn nìkan ló lè wọlé ṣáájú ẹsẹ̀ kí ó má sì ba nǹkan kan jẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe àwọn aládùúgbò rẹ̀ jọ.

"Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà mi, ẹ dúró," ni ó wí. "Kí ẹ ké pé, 'Àgò o!' Bí mo bá gbọ́, màá ká aṣọ mi kúrò lọ́nà, màá sì dá yín lóhùn pé, 'Àgò yà!' Ìgbà náà ni kí ẹ wọlé."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ àgò, Ìyá?" ni Lágbàyí béèrè.

"Torí pé ó kúrú. Ẹni tó ru igi ti oko bọ̀ lè ké e kí èémí rẹ̀ tó tán."

"Tẹ́ ò bá wá dá wa lóhùn ńkọ́?"

"Kí ẹ padà sílé yín."

Lágbàyí yínmú. "Ṣé ẹ̀bẹ̀ la ó wá máa bẹ̀ yín ká tó bu iná ni?"

"Ẹ̀bẹ̀ kọ́, Lágbàyí. Ẹ kàn ń fún mi láyè kí n kó ohun tó ṣe iyebíye sí mi kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ yín ni. Tí mo bá kó o tán, èmi náà á fún yín láyè."

Ọ̀rọ̀ náà wọ gbogbo wọn létí. Nígbà tí wọ́n délé, oníkálukú wò yíká yàrá rẹ̀, ó sì rí i pé òun náà ní nǹkan tí òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàdédé bá nílẹ̀. Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí gbogbo ìlú máa ké àgò. Ẹ̀yin náà mọ ìdí.

Ó wá ku ẹni tí yóò kọ́ àwọn ará ìlú. Ewúrẹ́ ni wọ́n yàn.

Ilé Àwẹ̀ró ni Ewúrẹ́ ń gbé, òun àti ọmọ rẹ̀ méjì. Nígbà náà, kò sí ẹranko tí ohùn rẹ̀ mọ́ tó tirẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀ nídìí ààrò, wọn yóò gbọ́ ọ lódò. Ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró ló dúró sí láti máa kọ́ àwọn ènìyàn, kò sì pẹ́ tí iṣẹ́ náà fi kó sí i lórí.

Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ wá kọ́ ọ.

"Àgò o," ni Baálẹ̀ wí.

"Mi ò gbọ́."

"Àgò o!"

"Ẹ̀yin Baálẹ̀, ṣé ẹ ò tíì jẹun láti àárọ̀ ni? Ẹ padà sídìí igi ọsàn yẹn, kí ẹ tún un bọ̀."

Baálẹ̀ di fìlà rẹ̀ mú, ó padà sídìí igi ọsàn. Ìgbà mẹ́ta ló lọ tó bọ̀.

Adìẹ pẹ̀lú wá. Òun ló máa ń kó ìyẹ́ tó bá bọ́ lára rẹ̀ wá fún Àwẹ̀ró láràárọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n ó ké àgò, ó dúró, ó gbọ́ èsì, ó tẹ orí ba, ó sì wọlé.

Ewúrẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. "Adìẹ, kí lò ń tẹrí ba sí? Tí wọ́n bá to ìwọ mẹ́wàá lé ara wọn, orí yín ò lè kan òkè ẹnu ọ̀nà yìí."

"Ẹ̀gbọ́n, ilé onílé ni," ni Adìẹ fèsì. Títí di òní, bí ẹnu ọ̀nà bá tilẹ̀ ga tó òkè, adìẹ yóò tẹrí ba kó tó wọ ibẹ̀. "Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Mi ò gbọ́ kí ẹ̀yin fúnra yín ké e rí."

"Èmi kẹ̀?" Ewúrẹ́ na irùngbọ̀n rẹ̀ síwájú. "Ṣé olùkọ́ ni wọ́n tún ń kọ́ níwèé?"

Mo mọ irú Ewúrẹ́ yìí dáadáa. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, èmi ni mọ́nítọ̀. Èmi ni mò ń kọ orúkọ àwọn tó ń pariwo sójú pátákó. Bí mo bá ti ń kọ orúkọ kan, ni mò ń fi gbogbo ohùn mi pè é, kí onítọ̀hún lè mọ̀ pé mo ti kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí tíṣà wọlé lójijì, ohùn ẹnì kan ṣoṣo ló bá nínú kíláàsì. Ẹ má béèrè ẹni náà lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ilé Àwẹ̀ró.

Àkókò òjò ń sún mọ́lé. Nínú àwọn ọmọ Ewúrẹ́ méjèèjì, èyí àbúrò kò lágbára. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ló ti ń wúkọ́. Bí òtútù bá mú un, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí nìkan ni kì í jẹ́ kí Ewúrẹ́ sùn.

Àwẹ̀ró rí i. Ó ní, "Ewúrẹ́, fọkàn balẹ̀. Tí òjò bá dé, ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ lẹ ó ni igun ìdí ààrò yìí. Iná ò ní kú níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Tí mo bá ya aṣọ sílẹ̀, kí ìwọ náà ké àgò kí o tó wọlé."

"Mo ti gbọ́, Ìyá," ni Ewúrẹ́ wí. Ó gbọ́ lóòótọ́. Gbígbọ́ kò nira fún un rí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ayọ̀ ńlá wọ ilé. Ojúọlápé, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró bí, bímọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń wá ọmọ náà nílé ọkọ. Àwẹ̀ró fẹ́ ya aṣọ ìpọnmọ tí wọn yóò fi pọn ọmọ náà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ní ilẹ̀ wa, a kì í ra aṣọ sílẹ̀ de ọmọ tí a kò tíì bí, nítorí náà kò tíì fa ìlà kan tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ló ní.

Kò jókòó jẹun. Ìyẹ́ tí Adìẹ ń kó wá ń gbó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ya ẹyẹ ogójì. Ó ya ewé ẹlú tí à ń fi ṣe aró yí wọn ká. Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, ó ya ewé tó kẹ́yìn, ó dìde, ó na ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rí i pé ojú ọ̀run ti ń ṣú. Ó gbá igun ìdí ààrò, ó tẹ́ koríko gbígbẹ síbẹ̀ fún Ewúrẹ́, ó sì ko iná. Lẹ́yìn náà ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ wo ìkòkò aró rẹ̀. Ẹ̀kọ ara aṣọ kò tíì gbẹ.

Ewúrẹ́ àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà létí odò nígbà tí àrá sán. Ọmọ kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ewúrẹ́ ní, "Ó yá, ilé yá!" Wọ́n sáré títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà, ibi tí Ewúrẹ́ ti máa ń dá Baálẹ̀ dúró gan-an.

"Ìyá," ni ọmọ kékeré wí, "ẹ ò ké àgò."

"Panu mọ́! Ta ló kọ́ wọn ní àgò ní gbogbo ìlú yìí? Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo."

Ó wọlé.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ rì sínú nǹkan tútù. Ó gbé e sókè, ẹ̀kọ fà bí ilá. Ó wo ẹ̀yìn. Ojú ẹsẹ̀ mẹ́rin ló wà lórí aṣọ Àwẹ̀ró, ọ̀kan sì wà láàárín ojú ẹyẹ kan gan-an.

Ká ní ó jáde nígbà náà, kó sì ké pe Ìyá, ojú ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ni Àwẹ̀ró ìbá tún yà. Kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìtìjú kì í jẹ́ kí olùkọ́ jáde. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tó dá. Ó ní òun yóò fi ahọ́n nu ojú ẹsẹ̀ náà kúrò kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ó lá ti àkọ́kọ́. Ó lá ti èkejì. Ẹ̀kọ náà dùn.

Ó lá ti ẹ̀kẹta àti ti ẹ̀kẹrin. Ó wá rí i pé ibi tí òun ti lá mọ́ ju ibi tó kù lọ. Ó ní kí òun lá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ kí ó lè bá ara mu. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Báyìí ni Ewúrẹ́ ṣe ń tún nǹkan ṣe títí, àwọn ọmọ rẹ̀ sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ìyá wọn. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, ẹyẹ kan ṣoṣo ló kù ní igun aṣọ.

Àwẹ̀ró ti ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ó wo aṣọ náà títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ewúrẹ́, ẹ̀yìnkùlé ni mo wà. Ẹ̀yìnkùlé lásán! Ká ní o ké àgò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ǹ bá ti sáré wá ká aṣọ fún ẹ. Wo igun rẹ. Mo ti gbá a. Mo ti ko iná sí i fún ọmọ rẹ."

Ewúrẹ́ fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Ó la ẹnu, ẹnu kò là dáadáa. Ẹ̀kọ ti lẹ̀ mọ́ ahọ́n, ó lẹ̀ mọ́ eyín, ó lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Ó ń jẹ ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ níwájú Ìyá, ṣe ló dà bí ẹni tó ṣì ń gbádùn ohun tó jẹ.

Ìgbà tí Àwẹ̀ró rí ẹnu tó ń jẹ yẹn ni inú bí i. Ó fa ọ̀pá tó fi ń ti aṣọ bọ inú aró yọ, ó sì fi lé Ewúrẹ́ jáde. Òjò dé.

Àwẹ̀ró jókòó ti iná tí ẹnikẹ́ni kò yá. Ó gbọ́ tí ọmọ kékeré ń wúkọ́ níta. Ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ọmọ yẹn ò ṣẹ̀ mí. Bí ìyá rẹ̀ bá ké àgò lẹ́ẹ̀kan péré, màá dá a lóhùn." Ó dẹ etí sílẹ̀.

Níta, Ewúrẹ́ dúró nínú òjò. Kò sí ìgbéraga kankan lára rẹ̀ mọ́. Àgò nìkan ló fẹ́ ké. Ó kó gbogbo èémí rẹ̀ jọ, ó na ọrùn sí ẹnu ọ̀nà.

"Mẹ̀ẹ́ẹ́!"

Ẹ̀kọ ti gan mọ́ ọn lẹ́nu. Ó tún gbìyànjú.

"Mẹ̀ẹ́ẹ́ẹ́!"

"Ẹ ò rí i," ni Àwẹ̀ró wí nínú ilé. "Ó tún ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà." Kò sì dá a lóhùn.

Ewúrẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sábẹ́ etí òrùlé, ó fi ara rẹ̀ bo èyí kékeré mọ́ ara ògiri títí òjò fi dá. Ọmọ náà kò kú. Ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà ló kọ́, òun náà sì fi kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀. Àwẹ̀ró kò ráyè tún aṣọ yà. Aṣọ dúdú tó ní ẹyẹ kan ṣoṣo nígun ni wọ́n fi pọn ọmọ Ojúọlápé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Gbogbo èrò ní ó dára. Àwẹ̀ró nìkan ni kò lè wò ó.

Láti ọjọ́ náà ni ewúrẹ́ ti ń jẹ ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tí kò sí nǹkan lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń dúró sẹ́nu ọ̀nà bí òjò bá ṣú, tí ó ń ké mẹ̀ẹ́ẹ́, mẹ̀ẹ́ẹ́. Àgò ló ń ké. Kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn, nígbà tó bá sì sú u, á kàn wọlé, wọn á sì fi ohun tó bá wà nítòsí lé e jáde. Àwa ènìyàn wá ń bú ẹni tí kò mọ ìwà hù pé, "Ewúrẹ́ wọlé, kò kágò."

Ẹ má rò pé mo sàn ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà òjò tó kọjá yìí, ewúrẹ́ kan dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ mi, ó ké títí. Èmi tí mo mọ ìtàn yìí látòkè délẹ̀, bàtà ni mo sọ lù ú. Inú mi dùn pé bàtà náà bà á. Mo sáré wọ yàrá ìyàwó mi lọ láti ròyìn, mò ń pariwo pé, "Mo ti lé e! Mo ti lé ewúrẹ́ yẹn jáde!"

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ká ìró sókè, ó ń fi òróró ra orúnkún kan tó ti wú. Mi ò mọ̀ pé orúnkún ń dùn ún. Kò fẹ́ kí n mọ̀. Ó yára fa ìró rẹ̀ bò ó. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà tí mo gbà wọlé láìfọhùn.

"Bàbá Ṣẹ́gilọlá," ni ó wí, "mo ṣe bí ẹ ní ẹ ti lé e jáde."